Orí Keje: Àbàwọ́n Tó Ń Ṣagídí Lára Pẹ́ńtì Ọkọ̀

Ọkọ̀ tó bá sun ìta mọ́jú ní Dublin kì í jí bó ṣe sùn. Bí ẹyẹ òkun kò bá yàgbẹ́ sí i lórí, igi á kán oje sí i. Bí kò bá sí igi nítòsí, eruku irin ojú rélùwéè á ti bà lé e. Ẹ ó fọ̀ ọ́ ní Sátidé, á mọ́ lójú, ṣùgbọ́n bí ẹ bá sún mọ́ ọn dáadáa, ẹ ó rí àwọn àmì kan tí ọṣẹ àti omi kò ràn. Àwọn àmì wọ̀nyẹn ni orí yìí wà fún.

Ọ̀rọ̀ náà ju ti fàájì lọ. Láti oṣù Kọkànlá ọdún 2000 tí wọ́n ti ṣí iṣẹ́ takisí sílẹ̀ ní Ireland fún ẹnikẹ́ni tó bá kúnjú òṣùwọ̀n, ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ló ti ń fi takisí gbọ́ bùkátà ní Dublin. Ọkọ̀ ni ṣọ́ọ̀bù wọn. Àwọn ìdílé wa tó ń gbé Blanchardstown, Tyrrelstown, Balbriggan, Lucan tàbí Tallaght náà mọ̀ pé láìsí ọkọ̀, ilé ìwé ọmọ, ibi iṣẹ́ àti ṣọ́ọ̀ṣì kì í ṣeé dé wẹ́rẹ́. Owó ńlá ni a fi ń ra ọkọ̀, lọ́jọ́ tí a bá sì fẹ́ tà á, ara rẹ̀ ni oníbàárà máa kọ́kọ́ wò kó tó ní ká ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Àwọn àgbà ní ohun a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun a bá fagbára mú ní í le koko. Òfin tí gbogbo iṣẹ́ inú orí yìí dúró lé nìyẹn. Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí àbàwọ́n náà jẹ́. Ẹ fi ohun tó rọ̀ jù lọ bẹ̀rẹ̀. Bó bá kọ̀, ẹ mú èyí tó le jù ú lọ díẹ̀. Bó bá ti kúrò, ẹ dáwọ́ dúró.

Ohun tí ẹ ń dáàbò bò

Lára ọkọ̀ òde òní, ìpele mẹ́ta ló sábà máa ń wà lórí irin: puráímà tó di irin mú, àwọ̀ tí ojú ń rí, àti ìpele kan tó mọ́ gaara tí àwọn akunkọ̀ ń pè ní kílíà. Kílíà ló ń dán. Òun náà ló ń gba òòrùn, òjò àti iyọ̀ sára kí àwọ̀ má baà ṣá. Gbogbo ìpele wọ̀nyí lápapọ̀ sábà máa ń wà láàárín máíkírónì 100 sí 150, bẹ́ẹ̀ máíkírónì 1,000 ló wà nínú mìlímítà kan ṣoṣo. Kílíà nìkan jẹ́ nǹkan bíi 40 sí 50. Irun orí ènìyàn kan nípọn tó nǹkan bíi 70, ìyẹn ni pé ohun tí ẹ fẹ́ fi kànìnkàìn ha yẹn tínrín ju irun kan ṣoṣo lọ.

Ohunkóhun tó bá ń họ, ì báà jẹ́ kọ́ńpáùndì, pọ́líìṣì tàbí ọṣẹ ìfọyín tí àwọn kan ń dábàá, díẹ̀ nínú kílíà ló ń bó kúrò. Kílíà kì í hù padà. Ọkọ̀ tí wọ́n bá ń fi kọ́ńpáùndì pa ní gbogbo oṣù yóò dán títí, lọ́jọ́ kan yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí bí èèpo. Ìdí nìyẹn tí a fi ń fi ọṣẹ, oògùn àti sùúrù ṣiwájú, tí pọ́líìṣì sì ń gbẹ̀yìn.

Ọkọ̀ méjì yàtọ̀. Àkọ́kọ́ ni ọkọ̀ àtijọ́ tí kò ní kílíà rárá: bí ẹ bá ń fi pọ́líìṣì pa á tí àwọ̀ rẹ̀ ń jáde sára aṣọ, àwọ̀ gan-an ni ẹ ń bó, nítorí náà ẹ rọra. Èkejì ni ọkọ̀ tí pẹ́ńtì rẹ̀ kì í dán láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Ẹ má ṣe fi pọ́líìṣì tàbí wáàsì kàn án, nítorí ibi tí ẹ bá pa yóò máa dán yàtọ̀ sí ìyókù, kò sì sí àtúnṣe fún un ju kí wọ́n tún un kùn.

Ohun èlò

Ẹ lè rí gbogbo rẹ̀ rà ní Halfords tàbí ní ṣọ́ọ̀bù ohun èlò ọkọ̀ tó wà ládùúgbò yín. Ẹ ra mẹ́rin àkọ́kọ́ ná. Ẹ fi ìyókù sílẹ̀ di ìgbà tí iṣẹ́ bá pè é.

- Bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì: ọ̀kan fún ọṣẹ, ọ̀kan fún omi lásán.
- Ṣámpù ìfọkọ̀, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ ìfọkọ̀ onírun.
- Táwẹ́lì maikirofáíbà mẹ́fà, ó kéré tán. Ẹ fa lébẹ́ẹ̀lì ara wọn já, nítorí ó ń ha pẹ́ńtì.
- Ìbọ̀wọ́ rọ́bà fún ọwọ́ ara yín.
- Oògùn èérún irin.
- Oògùn ọ̀dà títì.
- Isopropyl alcohol àti fínígà funfun.
- Amọ̀ ìfọkọ̀, pẹ̀lú omi ìyọ̀ tí wọ́n ń tà mọ́ ọn.
- Pọ́líìṣì tó kúnná jù lọ lórí káńtà.
- Wáàsì.

Àwọn ohun tí kò gbọ́dọ̀ kan pẹ́ńtì ni kànìnkàìn onírin, ẹ̀yìn fọ́ọ̀mù ìfọbọ́ tó le, bílíìṣì, epo bẹntiróòlù, ọṣẹ Omo, ọ̀bẹ àti kọ́kọ́rọ́. Ọṣẹ ìfọbọ́ kò ní ba pẹ́ńtì jẹ́ lẹ́ẹ̀kan, àmọ́ ó ń wẹ wáàsì dànù, nítorí náà kì í ṣe ọṣẹ ọ̀sẹ̀ẹ̀sẹ̀. Ẹ má ṣe po fínígà mọ́ bílíìṣì láé. Afẹ́fẹ́ tó ń jáde nínú wọn lóró, ó sì lè pa ènìyàn lára.

Ìfọ̀ àkọ́kọ́

Ẹ má ṣe wá àbàwọ́n lára ọkọ̀ tó dọ̀tí. Ẹ gbé ọkọ̀ sí abẹ́ ìbòòji, kí ara rẹ̀ tutù kí omi tó kàn án. Ní oṣù Kẹfà, ojú ọjọ́ ṣì mọ́ ní Dublin títí di nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́, ìrọ̀lẹ́ ló sì dára jù fún iṣẹ́ yìí. Ní oṣù Kejìlá, òòrùn ti wọ̀ nígbà tí aago mẹ́rin bá kọjá díẹ̀, ẹ ṣe é ní ọ̀sán kí ojú yín lè rí ohun tí ọwọ́ yín ń ṣe.

1. Ẹ da omi sí gbogbo ara ọkọ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀ kí iyanrìn kọ́kọ́ ṣàn lọ. Ní ìgbà òtútù, ẹ fún omi sí abẹ́ ọkọ̀ àti inú ihò táyà pẹ̀lú, nítorí iyọ̀ tí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ń dà sí títì ní alẹ́ tí yìnyín bá fẹ́ mú ń jẹ irin.
2. Ẹ ti ìbọ̀wọ́ bọ ọṣẹ, ẹ fọ òrùlé, lẹ́yìn náà bọ́nẹ́ẹ̀tì, lẹ́yìn náà ilẹ̀kùn, kí ẹ fi ìsàlẹ̀ àti táyà kádìí.
3. Lẹ́yìn apá kọ̀ọ̀kan, ẹ ṣan ìbọ̀wọ́ nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi lásán kí ẹ tó dá a padà sínú ọṣẹ.
4. Ẹ fi omi ṣàn án, kí ẹ fi táwẹ́lì gbẹ ẹ́ kí omi má gbẹ fúnra rẹ̀.

Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, òjò Dublin máa ń gbẹ tán kó fi eruku aláwọ̀ ilẹ̀ sílẹ̀ lára ọkọ̀. Eruku aṣálẹ̀ Sàhárà ni, aṣálẹ̀ kan náà tí ọyẹ́ ti ń gbé eruku wá bá wa nílé. Iyanrìn ni. Ẹni tó bá fi aṣọ gbígbẹ nù ún yóò ha gbogbo ara ọkọ̀ rẹ̀. Omi púpọ̀ ni kó kọ́kọ́ rí.

Ẹ wò ó, ẹ fọwọ́ kàn án

Nígbà tí ọkọ̀ bá ti gbẹ, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i ní ẹ̀gbẹ́. Ẹ ki ọwọ́ bọ ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan, kí ẹ sì rọra fi ìka gba orí pẹ́ńtì kọjá. Ọ̀rá yìí máa ń jẹ́ kí ìka mọ ohun tí kò lè mọ̀ bó bá wà ní ìhòhò. Ẹ ó bá ọ̀kan nínú mẹ́ta pàdé.

Èkíní ni èyí tó lé sórí: ọwọ́ yín á kọsẹ̀ lára rẹ̀, ojú yín á sì rí i. Ọ̀dà títì, oje igi àti gọ́ọ̀mù wà nínú èyí. Oògùn tó lè yọ́ wọn ló ń mú wọn kúrò.

Èkejì ni èyí tó gún wọlé: ara pẹ́ńtì á rí ṣákaṣàka lábẹ́ ọ̀rá, bóyá kí ojú má tilẹ̀ rí nǹkan kan. Èérún irin ló sábà máa ń jẹ́. Oògùn irin àti amọ̀ ló ń fà á yọ.

Ẹ̀kẹta ni èyí tó ti jẹ pẹ́ńtì: ọwọ́ á bá a ní dídán, àmọ́ ojú á rí òrùka tàbí àwòrán ìgbẹ́ ẹyẹ tó ti kúrò níbẹ̀. Kò sí ìdọ̀tí níbẹ̀ mọ́, ojú ọgbẹ́ ló kù. Pọ́líìṣì nìkan ló lè dín in kù. Ẹ fi èékánná gba orí rẹ̀ kọjá pẹ̀lẹ́: bí èékánná bá há, ó ti jinlẹ̀ kọjá ohun tí pọ́líìṣì lè ṣe.

Àbàwọ́n kọ̀ọ̀kan àti oògùn rẹ̀

*Ìgbẹ́ ẹyẹ.* Ẹyẹ òkun kò dúró sí etíkun Clontarf àti Howth mọ́. Orí òrùlé àárín ìlú ni wọ́n ń yé sí, wọ́n sì ń yàgbẹ́ sí ohun tó bá wà nísàlẹ̀. Ásíìdì inú ìgbẹ́ yìí burú, òòrùn sì ń kún un lọ́wọ́: pẹ́ńtì máa ń gbóná, á rọ̀, á fẹ̀, nígbà tó bá tutù ní alẹ́, á sún kì, á sì gba àwòrán ìgbẹ́ tó ti gbẹ mọ́ ọn. Ẹ má ṣe jẹ́ kó sùn mọ́jú. Ẹ rẹ tíṣù sínú omi lílọ́wọ́ọ́rọ́, ẹ fi bò ó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ gbé e sókè láìfi ra. Bí díẹ̀ bá kù, ẹ tún un bò. Iyanrìn àti kóró èso máa ń wà nínú rẹ̀, ẹni tó bá fi ra á ti ha ọkọ̀ rẹ̀ nìyẹn. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ẹ má sì fọ́ èyí tó gbẹ sí eruku, nítorí àìsàn lè wà nínú rẹ̀. Ìgò omi kékeré kan àti tíṣù nínú búùtù á gba takisí lọ́wọ́ ọgbẹ́ púpọ̀.

*Oje igi.* Ìyàtọ̀ wà láàárín méjì. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọkọ̀ tó bá dúró lábẹ́ igi lime, tí kò bá ọsàn wẹ́wẹ́ tan, á kún fún ìkán tó ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́. Àwọn kòkòrò wẹ́wẹ́ tó ń mu omi ara ewé ló ń yà á sílẹ̀. Ṣúgà ló pọ̀ nínú rẹ̀, omi gbígbóná díẹ̀ pẹ̀lú ṣámpù sì ń mú un lọ, bí kò bá tíì pẹ́. Bó bá pẹ́, èbu dúdú á hù lé e lórí. Èkejì ni oje tó ń jáde láti ara igi gan-an, pàápàá igi tó jọ igi Kérésìmesì: ó ń le bí gíláàsì. Ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ rọ̀ ọ́, kí ẹ wá da isopropyl alcohol sí aṣọ, kì í ṣe sára ọkọ̀, kí ẹ gbé aṣọ náà lé e fún bí ààbọ̀ ìṣẹ́jú, kí ẹ nù ún, kí ẹ sì fi omi ṣan ibẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

*Èérún irin.* Ẹni tó bá ń páàkì ọkọ̀ sí ibùdókọ̀ ojú irin Clonsilla, Coolmine tàbí Balbriggan láti wọ ọkọ̀ lọ sí àárín ìlú ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Táyà irin àti búrẹ́ẹ̀kì ọkọ̀ ojú irin ń tú eruku irin gbígbóná sáfẹ́fẹ́. Ó ń bà lé pẹ́ńtì, ó ń wọlé, ó ń dógùn-ún níbẹ̀. Lára ọkọ̀ funfun, ẹ ó rí i bí àmì pupa rúsúrúsú tó kéré bí orí abẹ́rẹ́, ó sì máa ń dà bíi pé ọkọ̀ náà gan-an ló ń dógùn-ún láti inú. Búrẹ́ẹ̀kì ọkọ̀ tiyín náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí rímù. Ẹ fọ́n oògùn èérún irin sí i nígbà tí ara ọkọ̀ tutù. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ó máa ń ṣàn ní àwọ̀ àlùkò níbi gbogbo tó bá ti bá irin pàdé. Ẹ má ṣe jẹ́ kó gbẹ: ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún, kí ẹ fi omi púpọ̀ ṣàn án. Òórùn rẹ̀ kò ní ṣàjèjì sí ẹni tó bá ti ṣe jẹ́rí kọ́ọ̀lù rí, nítorí ìdílé kẹ́míkà kan náà, thioglycolate, ló wà nínú méjèèjì. Ìta gbangba ni kí ẹ ti lò ó, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ rọ́bà.

*Ọ̀dà títì.* Àmì dúdú kóńkó tó máa ń tò sí ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn àti ẹ̀yìn táyà ni. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí wọ́n bá ń tún títì ṣe ló pọ̀ jù. Ọṣẹ kì í ràn án, nítorí epo ni, epo ló sì ń yọ́ epo. Ẹ fi oògùn ọ̀dà títì tàbí WD-40 sí aṣọ, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn fún ìṣẹ́jú kan sí méjì, kí ẹ nù ún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo sí ìsàlẹ̀. Ẹ yí aṣọ sí ibi tó mọ́ kí ẹ tó kan èkejì. Òróró ìdáná náà lè rọ̀ ọ́, àmọ́ ó ń pẹ́. Ẹ fi ṣámpù fọ ibẹ̀ lẹ́yìn náà, nítorí epo tó bá kù sílẹ̀ ń gba eruku mọ́ra. Oògùn yìí kò dára fún rọ́bà ojú fèrèsé.

*Òkú kòkòrò.* Ẹni tó bá ń sáré lójú M50 tàbí M1 ní ìrọ̀lẹ́ ẹ̀ẹ̀rùn á bá wọn ní iwájú bọ́ńpà àti dígí ẹ̀gbẹ́. Ẹ fi táwẹ́lì tútù bò wọ́n fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ẹ tó fọ ọkọ̀. Wọ́n á kúrò láìsí wàhálà.

*Àmì omi.* Òrùka funfun tí omi gbẹ sílẹ̀ ni. Omi ẹ̀rọ Dublin kò rí bákan náà níbi gbogbo: èyí tó ń wá láti Vartry lórí òkè Wicklow fúyẹ́ ju èyí tí wọ́n ń fà láti odò Liffey ní Leixlip lọ. Ẹ wo inú kẹ́tùlù yín. Bí ẹfun bá ti bò ó nísàlẹ̀, ẹfun yẹn náà ni omi ìfọkọ̀ yín ń fi sílẹ̀ lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ẹ po fínígà funfun àti omi ní ìdajì-ìdajì, ẹ fi aṣọ tẹ̀ ẹ́ lé àmì náà fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ ṣàn án dáadáa. Lórí pẹ́ńtì tó tutù nìkan ni kí ẹ ti ṣe é. Bí òrùka bá ṣì wà lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀mejì, ó ti jẹ pẹ́ńtì. Ẹ fi í sílẹ̀ de pọ́líìṣì.

*Ẹyin Halloween.* Ní alẹ́ ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá, àwọn ọmọ kan ní àdúgbò máa ń ju ẹyin lu ọkọ̀. Èépá ẹyin ń ha pẹ́ńtì, ẹyin fúnra rẹ̀ ń gbẹ mọ́ ọn kankan. Ẹ má ṣe da omi gbígbóná sí i, ẹ óò sè é mọ́bẹ̀ ni. Omi tútù tàbí èyí tó lọ́wọ́ọ́rọ́ díẹ̀ ló tọ́: ẹ kọ́kọ́ ṣan èépá kúrò, kí ẹ wá fi táwẹ́lì tó rin bò ó títí á fi rọ̀. Bí eérú iná tí wọ́n ń dá níta bá bà lé ọkọ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, omi ni kí ẹ fi lé e, kì í ṣe aṣọ.

*Gọ́ọ̀mù àmì takisí.* Nígbà tí takisí bá kúrò lẹ́nu iṣẹ́, àmì ara ilẹ̀kùn rẹ̀ náà gbọ́dọ̀ kúrò. Ẹ fi ẹ̀rọ tó ń mú irun gbẹ mú un gbóná díẹ̀díẹ̀, ẹ mú igun kan, kí ẹ máa fà á padà sẹ́yìn ní pẹlẹbẹ, láìkánjú. Fífà á já lójijì ló ń bó pẹ́ńtì, pàápàá lára ilẹ̀kùn tí wọ́n ti tún kùn rí. Gọ́ọ̀mù tó bá kù, oògùn ọ̀dà títì ń mú un. Àmì àwọ̀ tó bá hàn lẹ́yìn rẹ̀, níbi tí òòrùn kò ti kan pẹ́ńtì fún ọ̀pọ̀ ọdún, kì í ṣe ìdọ̀tí; pọ́líìṣì lè dín in kù, kò lè pa á rẹ́ tán.

*Sìmẹ́ńtì.* Bí ọkọ̀ yín bá dúró sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ti ń kọ́lé, tí sìmẹ́ńtì ta sí i, omi ni kí ẹ dà sí i kó tó gbẹ. Bó bá ti gbẹ, ẹ má ṣe fi nǹkan kan ha á. Ẹ gbé e lọ bá ẹni tó mọ iṣẹ́.

Amọ̀ ìfọkọ̀

Bí oògùn bá ti ṣe tirẹ̀ tí ọ̀rá ọwọ́ yín ṣì ń gbọ́ ṣákaṣàka, amọ̀ ló kàn. Ẹ gé díẹ̀, ẹ pò ó lọ́wọ́ títí yóò fi pẹlẹbẹ tó ìka mẹ́ta. Ní ìgbà òtútù, ó máa ń le. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ ná. Ẹ fọ́n omi ìyọ̀ sí ojú ibi tó fẹ̀ tó ìwé ìròyìn kan, kí ẹ fa amọ̀ náà lọ bọ̀ ní ìlà tààrà, láìtẹ̀ ẹ́, láìyí i po. Nígbà àkọ́kọ́, ẹ ó gbọ́ ohùn híha. Bó bá ti ń yọ̀ bí ọṣẹ, ibẹ̀ ti mọ́. Ẹ ká amọ̀ náà kí ojú tó mọ́ bọ́ síta, kí ẹ sún síwájú. Bó bá já bọ́ sílẹ̀, ẹ sọ ọ́ nù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, iye tó wù kó jẹ́, nítorí iyanrìn tó gbé nílẹ̀ kò ní jáde mọ́. Ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún tó fún ọkọ̀ kan.

Pọ́líìṣì

Ohun tó ti jẹ pẹ́ńtì nìkan ni kí ẹ gbé pọ́líìṣì sí. Ẹ fi ibi kékeré tí kò hàn dán an wò. Ẹ fi pọ́líìṣì tó kúnná, bí ẹ̀wà kan ṣoṣo, sí fọ́ọ̀mù rírọ̀. Ẹ fi ọwọ́ pa á lórí ibi tó tó àtẹ́lẹwọ́ méjì, kí ẹ nù ún, kí ẹ sì tan tọ́ọ̀ṣì wò ó. Bí àmì bá dín kù, ẹ lè tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i. Bó bá ku fìrì tí ẹni tó dúró ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ mẹ́ta kò lè rí, ẹ fi í sílẹ̀. Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí gbà pé pẹ́ńtì ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Japan rọ̀ ju ti Jámánì lọ, nítorí náà ẹni tó ń wa Toyota tàbí Honda kò gbọ́dọ̀ ki agbára bọ̀ ọ́. Ẹ má sì yá ẹ̀rọ ìpa-pọ́líìṣì tó ń yí gírígírí lò bí ẹ kò bá tíì kọ́ ọ. Ní etí ilẹ̀kùn àti igun bọ́nẹ́ẹ̀tì tí pẹ́ńtì ti tínrín, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ tó láti dé puráímà.

Wáàsì

Pẹ́ńtì tó ti mọ́ báyìí wà ní ìhòhò. Ẹ fi wáàsì bò ó lọ́jọ́ kan náà, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, apá kan lẹ́yìn èkejì, kí ẹ nù ún nígbà tó bá ti gbẹ bí èéfín. Wáàsì kì í lé ẹyẹ lọ. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń gbà yín láyè: ìgbẹ́ tó bá bà lé e kò ní tètè kan kílíà, èérún irin kò ní tètè wọlé, oje igi á sì tètè ṣí. Ẹ tún un ṣe ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Nígbà tí òjò bá ń rọ̀ tí omi kò ṣùpọ̀ mọ́ lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, wáàsì ti tán. Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ọkọ̀ yín kùn, ẹ béèrè lọ́wọ́ akunkọ̀ ìgbà tó lè gba wáàsì kí ẹ tó fi sí i.

Ìgbà tó yẹ kí ẹ dáwọ́ dúró

Ẹ gbé ọkọ̀ lọ bá akunkọ̀ bí ẹ bá rí kílíà tó ń ṣí, bí èékánná bá há, bí ẹ bá rí puráímà tàbí irin, tàbí bí pẹ́ńtì bá wú bí ìléròrò. Ìdógùn-ún ló wà lábẹ́ ìwú yẹn, kò sì sí oògùn àbàwọ́n tó lè wò ó. Àbàwọ́n ara pẹ́ńtì kò ní kí ọkọ̀ kùnà nínú NCT, ìdánwò ọkọ̀ ti Ireland, àmọ́ irin tí ìdógùn-ún ti jẹ ní ibi tó gbé ọkọ̀ ró lè ṣe bẹ́ẹ̀. Nọ́mbà àwọ̀ pẹ́ńtì yín sábà máa ń wà lára àwo kékeré kan nínú férémù ilẹ̀kùn. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ tó lọ.

Ibi tí ẹ ó ti fọ̀ ọ́

Ẹni tó ń gbé fúláàtì tí kò ní ẹ̀rọ omi níta lè lo ibi ìfọkọ̀ oníwọ̀n-owó ní ilé epo. Ẹ lo omi alágbára wọn, ẹ má ṣe lo búrọ́ọ̀ṣì wọn, nítorí iyanrìn ọkọ̀ tó ṣíwájú yín ṣì wà nínú rẹ̀. Ẹni tó ní àyè níwájú ilé, ẹ rántí pé ní ọ̀pọ̀ ẹ̀sítéètì tuntun, ihò omi òjò ojú títì kì í lọ sí ibi ìtọ́jú omi ìdọ̀tí ní Ringsend. Odò ló ń bọ́ sí tààrà, Tolka ní ìhà Mulhuddart, Dodder ní ìhà Tallaght. Oògùn irin àti oògùn ọ̀dà ń pa ẹja. Ibi ìfọkọ̀ tó ní ihò tirẹ̀ ni kí ẹ ti lò wọ́n. Ẹ sì máa gbọ́ ìkéde Uisce Éireann, iléeṣẹ́ omi Ireland, nígbà ọ̀dá: ní oṣù Keje ọdún 2018, òfin fi họ́ọ̀sì ìfọkọ̀ dúró ní agbègbè Dublin, bọ́kẹ́ẹ̀tì nìkan ló kù fún onímọ́tò.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ yìí. Ẹ fọ ọkọ̀ yín, ẹ ki ọwọ́ bọ ọ̀rá, ẹ yí i ká, kí ẹ sì kọ ohun tí ẹ bá bá pàdé sílẹ̀ kí ẹ tó ra oògùn kankan. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ tó ń bá yín fọkọ̀ pé omi ló ń ṣíwájú aṣọ. Ẹni tó bá tètè fi omi lé ìgbẹ́ ẹyẹ lónìí kò ní wá pọ́líìṣì lọ́la, kò sì ní san owó akunkọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀.